Ìtàn Àwọn Adákàwé: Bí Àwọn Baba Wa Ṣe Fi Òru Wá Ọ̀nà Dé Yunifásítì

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ ìmọ̀ ìwé múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ni a sábà máa ń fi ṣáájú: a ó ní ọmọ Gírámà Èkó ni lágbájá, ọmọ Wesley ti Ìbàdàn ni tàmẹ̀dò, ọmọ St. Andrew's ti Ọ̀yọ́ sì ni ẹnì kẹta wọn, bí ẹni pé ẹnu-ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ni a fi ń wọ inú ìmọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn kan wà, wọn kò sì kéré níye, tí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni òun kọ́ wọn: akọ̀wé rélùwéè, tísà ìjọ ní abúlé, akọ̀wé kóòtù, ẹni tí ń ra kòkó, ẹni tí ń ṣọ́ ọjà fún ilé-iṣẹ́ òyìnbó, tí wọ́n fi ọ̀sán ṣe iṣẹ́ olówó oṣù, tí wọ́n sì fi òru gbára dì de ìdánwò tí yóò ṣí ilẹ̀kùn Yunifásítì fún wọn. Ìtàn wọn, àwọn adákàwé, ni a fẹ́ sọ, nítorí pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Àti nítorí pé nínú ìtàn náà ni a ó ti rí ohun tí ó fún ọmọ tálákà láyè láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, èyíinì ni ìdánwò tí ó béèrè ohun tí ènìyàn mọ̀, tí kò béèrè ibi tí ó jókòó sí tí ó fi mọ̀ ọ́n.

Kí a tó lè mọ iyì ohun tí wọ́n ṣe, ó yẹ kí a mọ bí ọ̀nà ti há tó nígbà náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1859 ni Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ìjọ C.M.S. ní Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n. Ó di ọdún 1908 kí Abẹ́òkúta ọmọ Lísàbí tó ní tirẹ̀, ó sì di 1913 kí Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú-Òde tó ní tiwọn. Ìwọ̀nba ọmọ ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí lè gbà, owó wọn sì ga ju ohun tí ọwọ́ àgbẹ̀ àti alágbẹ̀dẹ lè tó lọ, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí orí rẹ̀ pé dáadáa ni ó jẹ́ pé ibi tí ó bá ka ìwé mẹ́fà dé ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Ẹni tí ó bá sì la gírámà já, tí ó ń wá oyè Yunifásítì, òkun ni yóò là: bí kò bá lọ sí Fourah Bay ní Freetown, tí a dá sílẹ̀ ní 1827, tí Yunifásítì Durham sì gbà mọ́ra ní 1876, ìlú òyìnbó gan-an ni yóò forí lé. Ọ̀nà Fourah Bay yìí ni Isaac Olúwọlé àti Henry Carr tọ̀ kí wọ́n tó gba oyè. Ṣùgbọ́n baba mélòó ni ó lè san owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé fún ọdún púpọ̀, kí oko rẹ̀ sì ṣófo ọwọ́ ọmọ náà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí?

Láti ọ̀nà jíjìn ni ìrànlọ́wọ́ ti wá, láti ọwọ́ àwọn tí kò tilẹ̀ ro ti wa mọ́ ọn. Ní ọdún 1858 ni Yunifásítì London gba ìwé àṣẹ titun tí ó sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá yege nínú ìdánwò òun lè gba oyè òun, ìbá à ṣe pé kò fi ẹsẹ̀ tẹ ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan rí, bí kò ṣe pé ìmọ̀ ìṣègùn ni ó ń kọ́. Nígbà tí ó di 1865, wọ́n ti ṣe ìdánwò yìí ní erékùṣù Mauritius, tí ó fi hàn pé a lè di ìwé ìbéèrè ní London kí a sì dáhùn rẹ̀ ní òdìkejì òkun. Ní 1878, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn oyè sílẹ̀ fún àwọn obìnrin pẹ̀lú. Ìdánwò ìwọlé tí a ń pè ní Matriculation, tí àwọn baba wa gé kúrú sí Matric, ni àkọ́kọ́ nínú àtẹ̀gùn náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Intermediate, tí wọ́n ń pè ní Inter, kí ó tó wá kan ìdánwò àṣekágbá tí í gbé oyè lé ènìyàn lórí. Ẹni tí kò bá yege nínú Matric, bí ó tilẹ̀ gbọ́n bí Ọ̀rúnmìlà, kò lè tẹ̀ síwájú ní ìgbésẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n ìdánwò yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́. London kàn ń yẹ ènìyàn wò ni, kò kọ́ ọ. Nítorí náà ni àwọn ẹlòmíràn ṣe dìde láti fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ nínú àpò-ìwé. William Briggs dá University Correspondence College sílẹ̀ ní 1887. Ní 1894 ni Wolsey Hall, tí ó fìdí kalẹ̀ sí Oxford, bẹ̀rẹ̀. Rapid Results College sì tẹ̀ lé wọn ní 1928. Kò pẹ́ tí orúkọ wọn fi di mímọ̀ ní Èkó àti ní ìlú òkè, nítorí pé wọn a máa kéde ara wọn nínú ìwé ìròyìn, tísà tí ó sì ti jẹ àǹfààní wọn a máa fi ọ̀nà han ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí a ti ń ṣe é nìyí: adákàwé yóò kọ̀wé, yóò ra pósítà ọ́dà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, yóò sì fi owó náà ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí owó oṣù bá ti ń wọlé. Ọkọ̀ òkun yóò gbé ẹ̀kọ́ kìíní wá láti Liverpool. Yóò kà á, yóò pa ìwé dé, yóò jókòó dáhùn ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn, yóò sì dá ìdáhùn padà sí olùkọ́ kan tí kò rí rí, tí kò sì ní rí láéláé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ìwé yóò padà dé pẹ̀lú tàdáwà pupa lára rẹ̀, níbi tí olùkọ́ náà ti tọ́ka sí àṣìṣe, tí ó sì fi ìdáhùn tí ó péye tì í lẹ́yìn. Nígbà ogun Hitler, tí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ń ri ọkọ̀ ní ojú òkun, ìrètí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń bá ẹrù àwọn oníṣòwò wọ inú ewu.

Ẹni tí yóò bá jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọ́fíìsì, lẹ́yìn tí akọ̀wé bá ti fi ọjọ́ odidi da ìṣirò ẹlòmíràn kọ sínú ìwé ńlá, lẹ́yìn tí tísà bá ti kọ́ ọmọ, tí ó ti kọ́ ẹgbẹ́ akọrin, tí ó sì ti ka lẹ́sìn fún ìjọ, ni ọjọ́ adákàwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. A gbọ́ láti ẹnu àwọn àgbà bí wọ́n ti ń tan àtùpà elépo òyìnbó, tí èéfín rẹ̀ ń dú iwájú ìwé. Bí wọ́n ti ń ki ẹsẹ̀ bọ inú omi tútù nínú báfù kí oorun má baà gbé wọn lọ. Bí wọ́n ti ń jẹ obì kí ojú lè là. Àti bí àwọn ará Èkó tí kò ní iná nínú yàrá ti ń lọ dúró lábẹ́ iná ìjọba ní ojú títì, tí ìwé ń bẹ lọ́wọ́ wọn, tí àwọn èrò ń kọjá. Áljẹ́brà àti jiọ́mẹ́tírì, tí a kò rí ẹni bi léèrè ní abúlé. Èdè Látìn, tí kò sí ẹnikẹ́ni láyé tí í sọ ọ́ ní ilé. Ìtàn àwọn ọba òyìnbó, tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ ju oríkì àwọn ọba tiwa lọ: ìwọ̀nyí ni wọ́n ń tẹnu mọ́ títí àkùkọ yóò fi kọ. Ìdí rèé tí a fi gbà pé ìgboyà wọn kò kéré sí ti ẹni tí ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú òyìnbó, nítorí pé ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ní ẹgbẹ́ tí ó yí i ká, ṣùgbọ́n adákàwé gbọ́dọ̀ jẹ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, aláṣẹ àti ẹni tí a ń pàṣẹ fún, nínú ara kan ṣoṣo.

Ọjọ́ ìdánwò ní ẹ̀rù tirẹ̀. Èdìdì ni wọ́n fi ń di ìwé ìbéèrè wá láti ìlú òyìnbó, ojú gbogbo ènìyàn ni a sì ti ń já a. Bí a bá dáhùn tán, a ó tún dì í, yóò sì tún la òkun padà, oṣù mélòó kan yóò sì kọjá kí èsì tó dé. Lílẹ̀ ni ìdánwò náà lẹ̀ mọ́ra: a kì í mú ẹ̀kọ́ kan lónìí kí a mú òmíràn lọ́la. Ẹni tí ó bá yege nínú mẹ́rin tí ó sì kùnà nínú ìkarùn-ún ti kùnà nínú gbogbo rẹ̀, yóò sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àìmọye ènìyàn ni ó jókòó lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, tí orúkọ wọn kò jáde. Àwọn kan jáwọ́, wọ́n sì dojú kọ iṣẹ́ wọn pẹ̀lú ìmọ̀ tí ìdánwò kò fún ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn míràn di òwe náà mú pé pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Kò yẹ kí a ka àwọn tí ó jáwọ́ sí ọ̀lẹ, nítorí pé àwọn ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní ìwé kíkà àti ìṣirò pẹ̀lú ohun tí wọ́n kó jọ ní òru wọ̀nyẹn.

Lára àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ èrè, a kò lè ṣàì dárúkọ díẹ̀. Alvan Ikoku, ọmọ Arochukwu, ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Awka nígbà tí ó gba oyè London nínú ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ìrònú ní 1928, ó sì padà sílé láti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀ sílẹ̀. Simeon Adébọ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, jẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè nígbà tí ó ń kàwé fún B.A. ti London, òun ni ó wá di ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó sì ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, baba rẹ̀ kú ní 1920 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó sì ru igi, ó pọn omi kí ó tó rí owó ilé-ìwé san. Ó ṣe tísà, ó ṣe akọ̀wé ní Wesley College ní Ìbàdàn, ó ṣe oníròyìn, ó ra kòkó, ó fi ọkọ̀ kó ẹrù, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Síbẹ̀ láàárín làálàá yìí ni ó ti kàwé fúnra rẹ̀ títí tí ó fi gba oyè B.Com. ti London ní 1944, kí ó tó wọ ọkọ̀ ní ọdún kan náà lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Ẹni tí ó bá rí bí ó ti tẹpẹlẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nígbà tí ó dórí oyè, kí ó rántí pé ẹnu-ọ̀nà tóóró ni òun fúnra rẹ̀ gbà kọjá, ó sì mọ iye ẹni tí ó há sí i.

Kì í ṣe pé ìjọba kò mọ̀ pé ọ̀nà há. Ní 1932 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Yábàá, tí a ṣí ní gbangba ní oṣù kìíní ọdún 1934. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń gbà, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sì níyì lókè òkun bí ti Yunifásítì, tí ó fi jẹ́ pé ìbínú lórí ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó ní 1934. Nígbà tí ó di ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1948, tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní University College ní Ìbàdàn, mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni ó wà níbẹ̀, nínú ilé tí àwọn ológun ti ń lò ní Ẹlẹ́yẹlé, tí púpọ̀ nínú wọn sì wá láti Yábàá. Oyè London kan náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì titun yìí ń múra wọn sílẹ̀ fún. Ohun kan sì wà níbẹ̀ tí ó dùn mọ́ni: àwọn ìwé tí Henry Carr fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ ní Èkó, tí ìjọba rà lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1945, wà lára ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé náà. Ohun tí ẹnì kan kó jọ láti máa dá kà di ohun tí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ń jùmọ̀ kà.

Ní 1951 ni ìyípadà tí ó tóbi jù lọ fún àwọn adákàwé dé. Wọ́n pa Matric àtijọ́ rẹ́, G.C.E. sì gba ipò rẹ̀, èyí tí ènìyàn lè mú ní ẹyọ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá yege nínú Gẹ̀ẹ́sì lónìí ti gbà á sápò, kò sí ohun tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìṣirò bá ṣubú lù ú lẹ́yìn náà. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni àjọ ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WAEC, bẹ̀rẹ̀, olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Accra. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gba ìdánwò kúrò lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, tí èdè Yorùbá pẹ̀lú sì ní ipò láàárín ẹ̀kọ́ tí a lè fi yege. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ rọ́ wọ ilé-ìwé bí omi, a sì nílò tísà lọ́pọ̀ yanturu láti kọ́ wọn. Láti inú ilé-ẹ̀kọ́ Modern olọ́dún mẹ́ta, láti ìwé ẹ̀rí olùkọ́ Grade III dé Grade II, ni ẹgbàágbèje ọ̀dọ́ ti bọ́ sí iṣẹ́ olùkọ́ láìfojú kan gírámà. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n wá sọ kíka G.C.E. di àṣà ní gbogbo ìlú àti abúlé wa. Tísà ní Ìkìrun tàbí ní Ìkàrẹ́ yóò kó O Level rẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ G.C.E., jọ ní ẹyọ ẹyọ, yóò sún mọ́ A Level, ìpele gíga rẹ̀, títí ilẹ̀kùn Yunifásítì yóò fi ṣí fún un. Àwọn obìnrin wà láàárín wọn, tí wọ́n ń gbé ọmọ pọ̀n tí wọ́n ń ka ìwé, tí ìdáná àti àṣẹ ọkọ sì ń bá àkókò wọn jà. Ti wọn ni ó nira jù, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì sọ ìtàn wọn tó bí ó ti yẹ.

Àṣìṣe ni yóò jẹ́ bí a bá rò pé adákàwé dá wà nítòótọ́, nítorí pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìyàwó tí ó fi owó ọjà ra pósítà ọ́dà, ẹ̀gbọ́n tí ó fi ìwé tí ó ti kà tán jíǹkí àbúrò, alàgbà ìjọ tí ó fi yàrá ilé-ìwé sílẹ̀ ní alẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé láti bi ara wọn ní ìbéèrè: gbogbo wọn ni ó jókòó sí ìdánwò náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó jáde. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn pẹ̀lú mọ èyí, tí ó fi dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ ní 1949, lábẹ́ Robert Gardiner ọmọ Gold Coast, tí ó gbé ẹ̀kọ́ alaalẹ́ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú wọn.

Lẹ́yìn òmìnira, Yunifásítì pọ̀ sí i: Nsukka ní 1960, Ifẹ̀, Èkó àti Zaria ní 1962. Síbẹ̀ àwọn tí ń kan ilẹ̀kùn pọ̀ ju àyè lọ, olúkúlùkù Yunifásítì sì ń gba ènìyàn bí ó ti wù ú, tí ẹnì kan ń gba àyè mẹ́ta tí ẹlòmíràn kò rí ẹyọ kan; nítorí rẹ̀ ni ìjọba fi dá JAMB, àjọ tí ń ṣètò ìgbàwọlé, sílẹ̀ ní 1978 pẹ̀lú ìdánwò kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Lónìí, orí kọ̀ǹpútà ni a ti ń ṣe ìdánwò náà, ọmọ tí ó sì ní fóònù lè gba ìbéèrè ọdún tí ó ti kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan, ohun tí baba rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ dúró dè ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìrọ̀rùn yìí dára, a kò sì ní kí ayé padà sí èéfín àtùpà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìrọ̀rùn kò lè fi rọ́pò, òun náà ni òtítọ́ ìdánwò. Ọmọ ọlọ́rọ̀ tí ó bá kùnà ní orúkọ ilé rẹ̀, ní ọ̀rẹ́ baba rẹ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n adákàwé kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn ju ìwé ìdáhùn rẹ̀ lọ. Bí a bá ti ta ìbéèrè fún ẹnì kan, bí a bá ti fi owó ra èsì ní ibi tí wọ́n ń pè ní ojúkò iṣẹ́ ìyanu, adákàwé ni a kọ́kọ́ jà lólè, nítorí pé ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó ní ni a ti sọ di irọ́. Èyí ni ó fi yẹ kí àwọn òbí tí ń fi owó ra ìdánwò fún ọmọ mọ̀ pé wọn kò ran ọmọ wọn nìkan lọ́wọ́ láti ṣe ibi. Ọmọ aládùúgbò wọn tí ń ta búrẹ́dì ní ọ̀sán tí ó ń kàwé ní alẹ́ ni wọ́n ń tì kúrò lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn pa ẹnu-ọ̀nà àwọn adákàwé mọ́, kí wọ́n má gbé owó ìdánwò ga títí tí yóò fi dá òṣìṣẹ́ kékeré padà, kí ilé-ìkàwé ìjọba wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iná tí kì í kú ní alẹ́, kí wọ́n sì fi ìyà tí ó tọ́ jẹ ẹni tí ń ta ìbéèrè. Kí àwọn ọ̀dọ́ sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá kọ́ bí a ti ń kọ́ ara ẹni ti gba ohun tí Yunifásítì fúnra rẹ̀ ń wá láti fún ènìyàn: ó lè mú ìwé tí kò rí rí, kí ó jókòó tì í, kí ó sì yé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lógo ní agbára yìí kí wọ́n tó ní oyè kankan, òun ni wọ́n sì fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gba oyè tán.